Àkùkọ mi ti sanra jù, kò lágbára mọ́, ẹyin ò pa. Báwo ni mo ṣe lè dá agbára ẹ̀ padà?

AlágbàdoÒgbómọ̀ṣọ́

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ kú ìnáwó fíìdì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá Arówómọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Mo ní àkùkọ Fúlàní kan, pupa ni, ogbe orí ẹ̀ ń dán, ọ̀gàn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn bí ìwo. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rà á lọ́wọ́ bàbá Fúlàní kan tó máa ń kó adìẹ wá sọ́jà. Nígbà yẹn kò sí ajá tó jẹ́ sún mọ́ ibi tí àwọn àgbébọ̀ mi bá wà, àṣá gan-an kì í balẹ̀, tó bá fi máa kọ ní ìdájí gbogbo àdúgbò ló ń jí. Àgbébọ̀ mẹ́sàn-án ló ń gùn, ẹyin mẹ́rìnlá tí wọ́n bá sàba lé, mọ́kànlá tàbí méjìlá ló máa ń pa.

Àmọ́ láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nǹkan ti yí padà. Ó wúwo, tó bá rìn díẹ̀ á máa mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ á la ẹnu sílẹ̀, tó bá fẹ́ gun abo á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ìgbà míì kò tiẹ̀ ní gbìyànjú rárá. Adìẹ kan sàba lé ẹyin mẹ́rìnlá lóṣù tó kọjá, mẹ́ta péré ló pa. Ọmọ ẹ̀ kan tún wà, àkùkọ tó ti tó oṣù mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ni ìyẹn ń bá a jà, ó ti já a ní ogbe jẹ lẹ́ẹ̀mejì, èyí àgbà á wá sá lọ sábẹ́ kéèjì.

Mi ò kì í febi pa á o. Lẹ́yà máàṣì ni gbogbo wọn jọ ń jẹ, mo tún máa ń da àgbàdo fún wọn lálẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹnì kan lọ́jà ní kí n máa fún un ní ata gígún àti ogógóró díẹ̀, kí n fi ẹ̀tù ìbọn díẹ̀ sínú oúnjẹ ẹ̀, pé ara ẹ̀ á gbóná. Àwọn ọmọkùnrin kan sì tún ń wá mi wá, wọ́n láwọn fẹ́ ra ọmọ ẹ̀ yẹn torí wọ́n rí bó ṣe ń jà, wọ́n fẹ́ lọ máa fi ta tẹ́tẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e pọ̀ ju owó ọjà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí àkùkọ tó ti rọ tún padà le? Ṣé ó ti darúgbó ni àbí àrùn ni? Mi ò fẹ́ pa á jẹ, ẹ má sọ ìyẹn fún mi.

ÌyáAlágbébọ̀_Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ọmọ mi. Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo ti ń sin adìẹ kí n tó bí àkọ́bí mi, òun náà sì ti bímọ báyìí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí: ẹ má fún ẹranko yẹn ní ogógóró, ẹ má fún un ní ẹ̀tù. Ẹ̀tù ìbọn ò lè fún ẹran lágbára, májèlé ni. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni, àmọ́ mo ti rí adìẹ tí wọ́n fún ní ọtí lójú mi, ńṣe ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ káàkiri ilé, nígbà tó máa fi dọjọ́ kejì ó ti kú.

Ọdún méjì kọ́ ni ogbó àkùkọ. Mo ní èyí tó gun abo títí ó fi pé ọdún márùn-ún.

Èyí tí mo fẹ́ bi yín ni pé ṣé ẹ ti gbé e rí? Mo túmọ̀ sí kẹ́ ẹ gbé e sọ́wọ́ lálẹ́ tó bá ti sùn, kẹ́ ẹ fọwọ́ wá egungun àyà ẹ̀. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ìyẹ́ máa ń tan èèyàn jẹ, ẹ lè máa wò ó pé ó tóbi kó jẹ́ egungun lásán ló wà lábẹ́, ẹ sì lè máa wò ó pé ó le kó jẹ́ ọ̀rá ló kún ibẹ̀. Tí egungun àyà yẹn bá mú bí ojú ọ̀bẹ, tí ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọnú, ó rù nìyẹn, kẹ́ ẹ wá aràn àti iná ara. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ wá a tí ẹ ò rí egungun náà, tí gbogbo ẹ̀ rọ̀ bí tìmùtìmù, tí ìdí ẹ̀ ti ń já bọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá nìyẹn. Èyí tó dáa ni kẹ́ ẹ máa mọ egungun náà lára, kí ẹran ọ̀tún àtòsì ẹ̀ kún, kó le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Mo máa ń ṣe é fún tèmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ojú mi ti fọ́ díẹ̀ àmọ́ ọwọ́ mi ń ríran.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ náà. Tí ìpẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bá gbé sókè, tó dà bí nǹkan funfun tó ń hó lábẹ́ ẹ̀, kòkòrò ló wà níbẹ̀, ó máa ń dùn wọ́n gan-an, àkùkọ tí ẹsẹ̀ ń dùn ò lè gun nǹkan kan. Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, ẹ po ọṣẹ sí i, ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ̀ ọ́ kó rọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ má fi tipá bó ìpẹ́ o, ẹ wá fi àdín tàbí fasilíìnì kùn ún dáadáa. Kòkòrò yẹn ò ní lè mí lábẹ́ òróró. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin léraléra, kẹ́ ẹ sì kun ọ̀pá tó ń sùn lé náà.

ọmọ_LAUTECH_tẹ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ Mọ̀mí, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni lẹ́yà máàṣì yẹn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń yé ẹyin ni wọ́n ṣe lẹ́yà fún. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀ máa ń tó 3.5% sókè torí èèpo ẹyin, àkùkọ ò yé ẹyin, nǹkan bí 1% ti tó òun. Tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kíndìnrín ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àṣekú láti lé e jáde, kì í pa á lọ́jọ́ kan ni kò jẹ́ kí èèyàn fura. Àgbàdo alẹ́ yẹn ló wá ń kó ọ̀rá sí i. Àgbàdo ò burú, àmọ́ agbára lásán ló wà nínú ẹ̀, tí kò bá sí ibi tó ti máa ná agbára yẹn ọ̀rá ló máa dà. Gúrówà, oúnjẹ adìẹ tó ṣì ń dàgbà, ni kẹ́ ẹ fún òun, èyí tí purotéènì ẹ̀ wà ní bíi 14 sí 16%, ẹ wọ̀n ọ́n fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ má kàn da á sílẹ̀. Tí gbogbo wọn bá jọ ń jẹun pọ̀ tí ẹ ò lè yà á sọ́tọ̀, ẹ fún gbogbo wọn ní gúrówà, kẹ́ ẹ wá gbé ìkarahun ìgbín tàbí èèpo ẹyin tẹ́ ẹ gún sínú abọ́ lọ́tọ̀. Abo tó nílò ẹ̀ á lọ ṣà á jẹ fúnra ẹ̀, akọ ò ní dá a lóhùn.

Ẹ má já oúnjẹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó máa fọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyin tí kò pa, ẹ má tètè di gbogbo ẹ̀ lé akọ lórí. Ẹyin tí kò pa, oríṣi méjì ni. Lálẹ́ ọjọ́ keje tí adìẹ ti sàba, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé ẹyin lé e níbi orí ẹ̀ tó fẹ̀, nínú òkùnkùn. Tẹ́ ẹ bá rí iṣan pupa tó nà káàkiri bí òwú aláǹtakùn tí nǹkan dúdú kékeré wà láàárín ẹ̀, akọ ti ṣe tiẹ̀, tí kò bá wá pa mọ́, ẹ lọ wo ìsàba, ooru, ọ̀rinrin, bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ẹyin kẹ́ ẹ tó kó o fún un (ẹyin tó bá ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá nílẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ), tàbí kó jẹ́ pé ẹbí kan náà ló ń gun ara wọn. Àmọ́ tó bá mọ́ gaara, tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju òjìji pupa ẹyin lọ, àtọ̀ ò dé ibẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ akọ ló wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹyin mọ́kànlá tó bàjẹ́ yẹn, ṣé ẹ fọ́ ọ wò?

Ooru náà ńkọ́? Oṣù kejì sí ìkẹta lọ́dọ̀ wa níbí, ilé páànù tí kò ga, oòrùn ọ̀sán á sọ ọ́ di ààrò. Àtọ̀ àkùkọ máa ń dín kù tí ooru bá mú un lọ́pọ̀ ọjọ́. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí páànù yẹn, kí omi tútù má wọ́n wọn lọ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́nÀdúgbò

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ ra èyí kékeré ni mo fẹ́ sọ, ẹ ẹ̀ bínú tó bá gùn.

Èmi ti wà nínú ìjà àkùkọ tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, ẹnì kan tí mo bá gbé nílùú míì ló ń ṣe é, èmi ni mò ń bá a tọ́jú àwọn àkùkọ. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, èmi ni mò ń bu omi fún wọn, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́sẹ̀, mo mọ èyí tó fẹ́ràn ikán àti èyí tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó máa ń sùn sí ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n dá a padà fún mi nínú àpò sìmẹ́ńtì, ojú ẹ̀ kan ti fọ́, ó ṣì ń mí. Mo gbé e sórí itan títí ó fi kú. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, mo ṣì ń rántí bó ṣe wúwo lórí itan mi.

Ẹ má tà á fún wọn, owó yòówù kí wọ́n pè. Òfin pàápàá ò fara mọ́ ọn, Criminal Code ilẹ̀ wa, section 495, ka dída ẹran pọ̀ kí wọ́n máa jà mọ́ ìwà ìkà sí ẹranko. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe é láyé àtijọ́ fòfin dè é lọ́dọ̀ tiwọn ní ọdún 1835, ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Louisiana ló ṣẹ́kù kẹ́yìn, ìyẹn náà fòfin dè é ní 2008.

Àwọn àkùkọ ò nílò ká kọ́ wọn ní ìjà. Ara wọn ló wà, wọ́n ń du abo àti ilẹ̀. Nílé yín, ohun tó ń fa ìjà ni pé akọ méjì wà lórí abo mẹ́sàn-án, akọ kan tó fún abo mẹ́wàá. Ẹ yà wọ́n lónìí. Kí wọ́n má tiẹ̀ rí ara wọn, ẹ fi pátákó tàbí àpò dí àárín, torí tí wọ́n bá ń wo ara wọn láti inú kéèjì ńṣe ni wọ́n á máa fi orí gbá wáyà títí ogbe á fi bẹ́. Èyí tí wọ́n nà yẹn, ẹ̀rù ń bà á, àkùkọ tí ẹ̀rù ń bà kì í gun abo lójú ẹni tó nà án. Ó lè jẹ́ pé ìdajì wàhálà yín nìyẹn.

Ọ̀gàn ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ ní ó gùn yẹn, ó máa ń ya ẹ̀yìn abo. Ẹ fi fáìlì rẹ́ ṣóńṣó orí ẹ̀ kó má mú mọ́, orí ẹ̀ nìkan o, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìdí ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó dáa tí mo kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mú kí ara àkùkọ le, kò sì sí oògùn kankan nínú ẹ̀. Ẹ má gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Ẹ da koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ sílẹ̀ kó nípọn bí ìka mẹ́rin, ẹ wá fọ́n ọkà bàbà ìkúnwọ́ kan sínú ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó máa fẹsẹ̀ tan án wá. Wákàtí kan á fi tan ilẹ̀. Ẹ so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mọ́ òkè, kó kàn ga ju orí ẹ̀ lọ díẹ̀, kó máa fò sí i. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ má jẹ́ kó pọ̀, tó bá ti la ẹnu sílẹ̀ ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi, lọ́sàn-án gangan ẹ má ṣe nǹkan kan fún un rárá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ da eérú mọ́ yanrìn gbígbẹ sí kọ̀rọ̀ kan kó máa yí nínú ẹ̀, iná ara ẹ̀ á dín kù.

AlágbàdoÒgbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ka ti Ẹ̀gbọ́nÀdúgbò, omi bọ́ lójú mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé mi ò tà á.

Mo gbé e lálẹ́ àná bí Mọ̀mí ṣe sọ. Mi ò rí egungun àyà yẹn rárá, ọwọ́ mi kàn ń rì ni. Mo wọ̀n ọ́n, kílò mẹ́ta àti díẹ̀, 3.4. Ìpẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbé lápá òsì, ó funfun, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọdún méjì tí mo ti ń wo adìẹ yìí lójoojúmọ́ o, mi ò gbé e rí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹyin yẹn, mo fọ́ márùn-ún tó kù nílẹ̀ wò, mẹ́rin mọ́, kò sí nǹkan kan, ọ̀kan ti ní ọmọ tó kú nínú ẹ̀. Mo ti ra gúrówà, mo sì ti fi imọ̀ bo òrùlé. Ìbéèrè mi tó kù ni pé ṣé n kò lè kúkú fi ọmọ ẹ̀ yẹn rọ́pò ẹ̀ títí ara bàbá ẹ̀ á fi padà? Ṣé kí n lọ ra àkùkọ Noiler, irú adìẹ ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ń pa yẹn ni?

ÌyáAlágbébọ̀_Ọ̀yọ́

Rárá o. Àbúrò ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ ló kún inú ọgbà yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan, tó bá fi máa di ìran kejì ìkẹta wọ́n á máa kéré sí i, wọ́n á máa kú sínú ẹyin, àwọn kan á yọ ẹnu wíwọ́. Ẹ lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń sin adìẹ lápá ibòmíì, àkùkọ fún àkùkọ, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́.

Noiler, ìtòsí wa níbí ní Awẹ́ ni Amo Farm ti ń pa á, ó dáa fún ẹran àti ẹyin. Àmọ́ akọ ẹ̀ tóbi, ó wúwo, tí àwọn abo yín bá jẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ kéékèèké á máa tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn pa ni.

Ẹ rántí pé abo máa ń tọ́jú àtọ̀ akọ sínú, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ akọ lónìí, ẹyin ọ̀sẹ̀ yìí lè ṣì jẹ́ ti èyí àtijọ́, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó ẹyin fún ìsàba.

ọmọ_LAUTECH_tẹ́lẹ̀

Mo fẹ́ fi kún ti Mọ̀mí. Àkùkọ tuntun yòówù tẹ́ ẹ bá mú wálé, ẹ má kó o mọ́ tiyín lójú ẹsẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa fún un lóúnjẹ kẹ́yìn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bọ́ àwọn tó kù. Lùkúlùkú, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle, ò ní oògùn, tó bá ti wọlé ó ti wọlé, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń jà jù. Fásíìnì nìkan ni ààbò. Lasota wà tí wọ́n ń pò sómi, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n fún bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn ní kùtùkùtù, kí wọ́n mu ún tán kó tó pé wákàtí méjì, omi kànga tàbí omi òjò ni kẹ́ ẹ lò, omi ẹ̀rọ tó ní kòlóríìnì máa pa á. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, kó wà nínú áìsì láti ọwọ́ ẹni tó ń tà á títí dé ilé yín, èyí tó bá ti gbóná ẹ má rà á.

Àti pé àgbàdo tó bá ti bu, kódà tó bá ṣẹ́kù díẹ̀, ẹ má fọ́n ọn fún wọn. Májèlé wà nínú ìbu yẹn, ẹ̀dọ̀ wọn ló ń bà jẹ́.

AlágbàdoÒgbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé lóṣù méjì. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti fi èyí kékeré ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan ní Ìkòyí-Ilé, àkùkọ dúdú kan ló fún mi, ìyẹn ṣì wà lọ́tọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí àgbà, lánàá mo wọ̀n ọ́n, kò pé kílò mẹ́ta mọ́, 2.83. Mo fọwọ́ wá egungun àyà ẹ̀ lálẹ́, mo bá a níbẹ̀, ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le. Ìpẹ́ ẹsẹ̀ tó gbé sókè ti ń bọ́, tuntun ń yọ lábẹ́ ẹ̀, ó ń dán. Àdín ni mo lò. Ẹ̀fọ́ tí mo so sókè, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó kàn ń wò ó ni, báyìí tó bá ti rí mi pẹ̀lú okùn ó ti ń sáré bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo kó ẹyin méjìlá fún àgbébọ̀ kan. Lọ́jọ́ keje mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin, òun ló ń ka á. Mẹ́wàá ní iṣan pupa, méjì mọ́. Ọmọ yẹn ò fẹ́ kí n dá ẹyin padà sábẹ́ adìẹ, ó ní òun rí i tó ń mira.

Ọ̀la ni yóò pé ọjọ́ kọkànlélógún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìn bọ̀ báyìí, mo gbé etí sún mọ́ abẹ́ àgbébọ̀ náà, ó sọ mí lọ́wọ́ àmọ́ mo gbọ́ ọ. Ọ̀kan ti ń ké nínú ẹyin.